Orúkọ Ọba, Ẹnu Adájọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Iléṣà. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ẹnì kan nínú wa tó ń gbé London ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé orúkọ Ọba Charles ni wọ́n fi ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìránṣẹ́ ọba ni adájọ́ àgbà wọn, ohun tí ọba bá fẹ́ náà ni yóò dá. Mo ní irọ́ ni, àmọ́ n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé wọn. Kí ni iṣẹ́ tí ìwé òfin gbé lé adájọ́ àgbà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ tí ọba ti ń jẹ? Ṣé ó lè dá ọba fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́? Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa rí?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìpàdé o. Ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ ọ̀rẹ́ yín kò jẹ̀bi tán. Òótọ́ ni pé ọba ló ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́. Ní England, bí wọ́n bá gbé olè dé kóòtù, Ọba ni olùpẹ̀jọ́ lórí ìwé. Ní Spain, ìwé òfin wọn ti 1978 sọ ọ́ gbangba pé ọ̀dọ̀ ará ìlú ni ìdájọ́ ti ń wá, àmọ́ orúkọ ọba ni àwọn adájọ́ fi ń ṣe é. Ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti ṣìnà ni pé ó rò pé ẹni tó ni orúkọ ló ni ẹnu. Adájọ́ àgbà ilẹ̀ ọlọ́ba ń fi orúkọ ọba ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ìdájọ́ lẹ́nu ọba.

Àwọn Òyìnbó pàápàá kò bá èyí nílẹ̀. Ní 1607, Ọba James Kìn-ín-ní bi àwọn adájọ́ rẹ̀ pé ṣebí òun náà ní làákàyè bíi tiwọn, kí ló dé tí òun kò lè jókòó dá ẹjọ́ fúnra òun? Edward Coke, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ àgbà ìgbà náà, dá a lóhùn pé Ọlọ́run fún Kábíyèsí lọ́gbọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹjọ́ tó kan ẹ̀mí àti dúkìá èèyàn, ìmọ̀ tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ́ ni wọ́n fi ń dá a, làákàyè nìkan kò tó o. Ó fi kún un pé ọba kò sí lábẹ́ ènìyàn kankan, ṣùgbọ́n ó wà lábẹ́ Ọlọ́run àti òfin. Inú bí ọba gidigidi. Ní 1616, lẹ́yìn tí Coke ti fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ta kò ó léraléra, ó yọ ọ́ nípò.

Nítorí irú ìyọnípò bẹ́ẹ̀ ni ilé aṣòfin wọn ṣe ṣòfin ní 1701 pé adájọ́ yóò máa wà lórí àga rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìwà rẹ̀ bá tọ́, àti pé ìgbà tí ilé aṣòfin méjèèjì bá jọ kọ̀wé sí ọba nìkan ni wọ́n tó lè yọ ọ́. Bí mo bá jókòó níbi ìpàdé yín, òfin 1701 yẹn ni n bá fi dá ọ̀rẹ́ yín lóhùn. Adájọ́ tí ọba lè lé lọ sílé lọ́la, ta ni yóò bá a sọ òótọ́ lónìí?

Ilẹ̀ wa náà ti mọ nǹkan tó sún mọ́ ọn. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀nà Ìwẹ̀fà, ọ̀kan nínú àwọn ìwẹ̀fà àgbà ààfin, ló ń gbọ́ ẹjọ́ tuntun àti ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nígbà tí Aláàfin kò bá ráyè jókòó. Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá sílẹ̀ sọ pé ìdájọ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ẹni pé Aláàfin ló dá a. Ní Iléṣà yín, ìjòyè àdúgbò ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́, èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ a wá dé ààfin Ọwá. Ní Ifẹ̀ níbí, Ọọ̀ni ní àwọn ìjòyè tí wọ́n ń pè ní Àgbà Ifẹ̀ tí Ọbalùfẹ̀ ń ṣáájú, ó ní àwọn ìjòyè ààfin tí wọ́n ń pè ní Mọdéwá tí Lọ́wà ń ṣáájú, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń dájọ́ ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó fi dúró. Bó ti wù kí Ọ̀nà Ìwẹ̀fà jẹ́ olódodo tó, ará ààfin ni, ààfin ló sì ń bọ́ ọ.

Ìbéèrè yín ìkẹta ni mo fẹ́ dúró lé jù, torí àwa tí a wà ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ló kàn gbọ̀ngbọ̀n, ó sì jọ pé a ti gbàgbé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1960 títí di ọjọ́ kan náà ní 1963, ilẹ̀ ọlọ́ba ni Nàìjíríà. A ti gba òmìnira, àmọ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa, orúkọ rẹ̀ ni ìjọba sì fi ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń ṣojú rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn? Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni, gẹ́gẹ́ bí gómìnà ẹkùn náà, ẹni tó ti wà lórí ìtẹ́ Ifẹ̀ láti 1930. Ọba aládé ilẹ̀ Yorùbá ń ṣojú ọbabìnrin Òyìnbó, lábẹ́ ìwé òfin tó ka ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó wà lórí àga adájọ́ àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ọmọ ọba lòun náà: Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, ní 1958.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1962, ẹgbẹ́ Action Group tó ń ṣèjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn ti pín sí méjì, Awólọ́wọ̀ wà lápá kan, Akíntọ́lá tó jẹ́ Pírẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba ẹkùn náà, wà lápá kejì. Ọmọ ilé aṣòfin 66 fọwọ́ sí lẹ́tà kan, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn sọ pé gómìnà kò gbọdọ̀ yọ Pírẹ́míà àfi tó bá hàn sí gómìnà pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ilé ti kẹ̀yìn sí i. Ọọ̀ni ka lẹ́tà náà, ó ka iye ọwọ́ tó wà níbẹ̀, ó yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Adégbénró, tó wà lápá Awólọ́wọ̀, rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní òun kò gbà, ó gba kóòtù lọ. Nígbà tí ilé aṣòfin pàdé ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 25 oṣù náà, àga ń fò, ọ̀pá àṣẹ kán, ọlọ́pàá yin tajútajú lé gbogbo wọn jáde. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì.

Ohun tí wọ́n gbé síwájú Adémọ́lá àti àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gùn. Ọ̀nà wo ni gómìnà lè gbà mọ̀ pé Pírẹ́míà ti pàdánù ọ̀pọ̀ èèyàn? Ṣé lẹ́tà tó, àbí inú ilé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti dìbò? Ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1962, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ náà, pẹ̀lú Adémọ́lá, sọ pé ìbò inú ilé nìkan ni ẹ̀rí. Adájọ́ Lionel Brett nìkan ló ní òun kò rí ibi tí ìwé òfin ti sọ bẹ́ẹ̀. Akíntọ́lá jàre, Ọọ̀ni ti ṣe ohun tí òfin kò fún un láyè láti ṣe. Adégbénró kò dákẹ́. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní London, torí ibẹ̀ ṣì ni ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1963, wọ́n yí ìdájọ́ Adémọ́lá padà. Wọ́n ní ìwé òfin fi ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ gómìnà láti fi ojú ara rẹ̀ wò, kò sì dí i lọ́wọ́ láti gba lẹ́tà gbọ́. Ọọ̀ni ti ṣe ohun tó bófin mu.

Lójú tèmi, Brett ló ka ìwé òfin náà bí wọ́n ti kọ ọ́. Àmọ́ n kò ní dá Adémọ́lá lẹ́bi pé ó ń bẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí aṣojú ọba kan bá lè jókòó sínú ilé rẹ̀, kó fi lẹ́tà tú ìjọba ká. Ohun tó yẹ kí ẹ mú lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nìyí: nínú kóòtù méjèèjì, kò sí adájọ́ tó béèrè ohun tí Ọbabìnrin fẹ́, kò sì sí ẹni tó béèrè bóyá Ọọ̀ni fẹ́ràn Akíntọ́lá tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí agbára adé dé lábẹ́ òfin ni wọ́n ń wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè parí ìtàn náà, torí ó burú. Kí ìdájọ́ London tó gbẹ lórí ìwé, ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, tó ti padà sọ́wọ́ Akíntọ́lá, tún ìwé òfin ẹkùn náà ṣe, wọ́n sì ní kí àtúnṣe náà ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn láti 1960, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà látilẹ̀. Adégbénró borí ní kóòtù, kò dé ọ́fíìsì. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, a bọ́ kúrò lábẹ́ Ọbabìnrin, a gba ẹjọ́ ìkẹyìn lọ́wọ́ Privy Council, ìwé òfin tuntun sì pa ìgbìmọ̀ tó máa ń dábàá ẹni tí yóò jẹ adájọ́ rẹ́, tí agbára yẹn fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. Ọọ̀ni ti kúrò nípò gómìnà kí 1962 tó parí. Ẹni tó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ní 1963 ni J. O. Fadáhùnsi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn níbi ìpàdé: aṣojú Ọbabìnrin kìn-ín-ní nínú àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn, Ifẹ̀ ló ti wá, ìkejì, ọ̀dọ̀ yín ni.

Ó yá, iṣẹ́ adájọ́ àgbà lónìí ńkọ́? Èyí tó ń ṣe lójoojúmọ́ kò ní ariwo nínú. Ní England àti Wales, títí di 2006, Lord Chancellor ni olórí gbogbo adájọ́, òun kan náà ni mínísítà nínú ìjọba, òun kan náà ló tún ń ṣe olórí ilé aṣòfin àgbà. Ẹni kan ń jẹun nínú àwo mẹ́ta. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 ló gba ipò olórí adájọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e fún adájọ́ àgbà. Láti ìgbà náà, adájọ́ àgbà ló ń pín adájọ́ sí kóòtù, ló ń rí sí ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú wọn, ló sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Bí ohun kan bá ń jẹ ilé-ẹjọ́ níyà, ó lè kọ̀wé tààrà sí ilé aṣòfin láìgba ọwọ́ mínísítà kọjá. Sue Carr ló wà níbẹ̀ láti 2023, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá 2009 ní olórí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú.

Ọjọ́ tí àga ọba bá mì ni ìwé òfin máa ń dìídì wá adájọ́ àgbà, ibẹ̀ sì ni mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà. Ní England, òfin 1937 kan wà nípa ọba tí àìsàn bá dá gúnlẹ̀. Ẹni márùn-ún ló dárúkọ: aya tàbí ọkọ ẹni tó wà lórí ìtẹ́, Lord Chancellor, olórí ilé aṣojú-ṣòfin, adájọ́ àgbà, àti adájọ́ kejì tí wọ́n ń pè ní Master of the Rolls. Bí mẹ́ta nínú wọn bá gbọ́ ẹ̀rí dókítà, tó sì dá wọn lójú pé ara tàbí ọpọlọ Kábíyèsí kò gbé iṣẹ́ mọ́, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, wọn yóò fọwọ́ sí i, adelé ọba yóò sì gba iṣẹ́. Nínú ẹni márùn-ún, adájọ́ ni méjì. Wọn kò tíì lo òfin náà rí láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọba kankan. Lọ́dọ̀ tiwa, irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń sọ ọ́, a kì í sọ pé ọba ń ṣàìsàn. Lọ́hùn-ún, ìwé ni, ọwọ́ ni, orúkọ ni.

Ní Jàpáàn, ìwé òfin 1947 sọ pé ọba ló ń fi adájọ́ àgbà jẹ, àmọ́ ẹni tí ìgbìmọ̀ ìjọba bá mú wá nìkan ló lè fi jẹ. Kò lè kọ̀ ọ́, kò sì lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Ọba Akihito sọ pé àgbà ti dé, tó sì jẹ́ kó hàn pé òun fẹ́ fi ìtẹ́ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́wàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé ọba jókòó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá 2017 láti gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọjọ́ tí yóò lọ. Adájọ́ àgbà wà nínú mẹ́wàá náà, adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2019 ni ọba náà kúrò lórí ìtẹ́.

Canada ni tèmi kò gbà. Ọba England ni ọba wọn, gómìnà-àgbà sì ń ṣojú rẹ̀. Bí àyè gómìnà-àgbà bá ṣófo, adájọ́ àgbà ni yóò bọ́ síbẹ̀. Julie Payette kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2021, Adájọ́ Àgbà Richard Wagner sì di iṣẹ́ náà mú títí di oṣù keje tí Mary Simon fi búra. Láàárín ìgbà náà, ó ń fọwọ́ sí òfin lórúkọ Ọbabìnrin. Kí ló dé tí ẹni tó fọwọ́ sí òfin láàárọ̀ yóò tún jẹ́ ẹni tí wọ́n lè gbé òfin náà wá bá lálẹ́ pé kó dá a nù? Wọ́n ní yóò kúrò nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dára, àmọ́ ì bá dára jù kó má wọ inú rẹ̀ rárá.

Ti Norway yàtọ̀, torí ogun ló fa ti wọn. Ní oṣù kẹrin 1940, àwọn ọmọ-ogun Jámánì ya wọ ilẹ̀ náà. Ọba Haakon Keje àti ìjọba rẹ̀ sá kúrò ní Oslo, nígbà tó yá wọ́n dé London. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ọba ní olú-ìlú, kò sí mínísítà, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló ṣẹ́ kù. Òun náà, pẹ̀lú Adájọ́ Àgbà Paal Berg lórí rẹ̀, ló yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa bójú tó ìlú lágbègbè tí ọ̀tá ti gbà. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ọ̀gá àwọn ará Jámánì ní kóòtù kò gbọdọ̀ bi òun bóyá àṣẹ òun bófin mu. Berg àti gbogbo àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde kúrò lórí àga lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá di olórí àwọn tó ń bá ọ̀tá jà lábẹ́lẹ̀. Ọba padà dé ní 1945, ó ní kí Berg wá kó ìjọba jọ, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbà fún un.

Ẹ tún bi mí bóyá adájọ́ àgbà lè dá ọba fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, rárá. Ní England, kò sí kóòtù tó lè pe ọba lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ní Norway, ìwé òfin sọ pé a kò lè fẹ̀sùn kan ọba, àwọn mínísítà rẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà. Malaysia ló fún un láyè. Ọba mẹ́sàn-án ló wà ní ilẹ̀ yẹn, wọ́n sì ń pín ipò ọba àgbà jẹ láàárín ara wọn ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ọba àgbà tuntun kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tó bá búra níwájú àwọn ọba yòókù, adájọ́ àgbà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Títí di 1993, kò sí ẹni tó lè pe ọ̀kankan nínú wọn lẹ́jọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀kan nínú wọn pé ó lu olùkọ́ni eré ìdárayá, ilé aṣòfin tún ìwé òfin ṣe, wọ́n dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọba nìkan. Adájọ́ márùn-ún ló ń jókòó nínú rẹ̀: adájọ́ àgbà ni alága, àwọn ọba fúnra wọn ló sì ń yan méjì. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọba lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba. Ọba tí wọ́n bá sì fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn níbẹ̀ kò ní ṣe iṣẹ́ ọba títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ní 2008, ilé-ẹjọ́ náà pàṣẹ kí ọba Negeri Sembilan, ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án náà, san mílíọ̀nù kan dọ́là fún báńkì kan. Wọ́n ní kí Kábíyèsí san gbèsè!

Bí wọn kò tilẹ̀ lè dá ọba lẹ́jọ́, wọ́n lè dá ohun tí wọ́n fi orúkọ ọba ṣe lẹ́jọ́. Ní 2019, Boris Johnson, olórí ìjọba Britain ìgbà náà, gba Ọbabìnrin nímọ̀ràn kó ti ilé aṣòfin fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Ọbabìnrin sì fọwọ́ sí i. Adájọ́ Àgbà England ìgbà náà, Lord Burnett, pẹ̀lú adájọ́ méjì mìíràn, sọ pé ọ̀ràn òṣèlú ni, kóòtù kò ní í dá sí i. Ẹjọ́ náà lọ sókè. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, adájọ́ 11 nílé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi ohùn kan sọ pé ìmọ̀ràn náà lòdì sófin, pé ìwé tí wọ́n kà láti ti ilé náà kò yàtọ̀ sí ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ẹ ò rí i bó ti jọ ti Adémọ́lá? Adájọ́ àgbà dá ẹjọ́ adé, àwọn tó wà lókè rẹ̀ yí i padà, ilé kò sì wó. Kò sí ẹni tó bu Ọbabìnrin, ẹni tó gbà á nímọ̀ràn ni wọ́n bá wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti fẹ́ di òótọ́ ni Eswatini, ilẹ̀ ọlọ́ba kan ní gúúsù Áfíríkà. Ní 1973, Ọba Sobhuza Kejì fagi lé ìwé òfin ilẹ̀ náà, ó sì kó gbogbo àṣẹ sọ́wọ́. Ní 2000, lábẹ́ ọmọ rẹ̀ Mswati Kẹta, wọ́n lé àwọn kan ní Macetsheni àti KaMkhweli kúrò nílé wọn, torí wọn kò gbà kí Maguga, arákùnrin ọba, jẹ olórí lé wọn lórí. Ọ̀ràn oyè ni, Bàbá, irú èyí tí ẹ̀yin àti èmi mọ̀ dáadáa. Wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní 2002, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọn dá ẹjọ́ méjì: ọba kò lágbára láti máa fi ìkéde lásán ṣòfin, kí àwọn tí wọ́n lé sì padà sílé wọn. Olórí ìjọba jáde, ó ní àwọn kò ní tẹ̀lé e. Gbogbo adájọ́ ilé-ẹjọ́ náà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ South Africa, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Fún nǹkan bí ọdún méjì, ẹni tó bá ní ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò rí ibi gbé e lọ, títí ìjọba fi rọ ohùn ní 2004. Ìwé òfin tuntun dé ní 2005. Ó sọ pé ọba yóò yan adájọ́ àgbà lórí ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ kan. Tí ẹ bá wá wo àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ọba fúnra rẹ̀ ló yan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fo ojú ìwé tó ń ka iṣẹ́ adájọ́ àgbà, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí èyí tó sọ ẹni tó lè yọ ọ́.

Malaysia náà, pẹ̀lú ilé-ẹjọ́ ọba wọn tó dára yẹn, ní àbùkù tiwọn. Ní 1988, adájọ́ àgbà wọn, Salleh Abas, kọ̀wé sí ọba àgbà pé olórí ìjọba ń bu àwọn adájọ́ ní gbangba. Lẹ́tà yẹn di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n tún yọ méjì sí i nínú àwọn adájọ́ tó gbìyànjú láti dá ìgbìmọ̀ náà dúró. Ọba ló fọwọ́ sí i, olóṣèlú ló dá a. Jàpáàn gba ọ̀nà mìíràn: nígbà ìdìbò àkọ́kọ́ sí ilé aṣojú lẹ́yìn tí adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ bá gorí àga, àwọn olùdìbò ló máa ń sọ bóyá kó máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kó lọ sílé, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá wọn a tún bi wọ́n. Wọn kò tíì lé ẹnì kan rí.

Ó ku tiwa ní Ọ̀ṣun. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ wa kò sí lábẹ́ ọba, àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tí ìwé òfin 1999 gbé fún un, ó jọ ti ilẹ̀ ọlọ́ba tí wọ́n bọ́ adé lórí rẹ̀. Òun ló ń búra fún gómìnà. Bí ilé aṣòfin bá fẹ́ yọ gómìnà, òun ni wọn yóò ké sí kó yan ẹni méje tí yóò wádìí ẹ̀sùn náà, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọn kì í ṣe ọmọ ilé aṣòfin, tí wọn kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Àwa náà ti ní kábíyèsí tó wọ kakí. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé Ojukwu kúrò nílé nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Ní 1986, Káyọ̀dé Ẹ̀sọ́, ọmọ Iléṣà yín, wà lára àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá ọkùnrin náà padà sílé rẹ̀ kí àwọn tó gbọ́ ẹnu wọn.

Ọba aládé wa ńkọ́? Ọọ̀ni lè jẹ́ olùjẹ́jọ́ ní kóòtù, Ọwá náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga sì lè fagi lé oyè tí wọn kò fi jẹ bó ti yẹ. Ní 2025, kóòtù Amẹ́ríkà kan rán ọba Ìpetumodù, tí kò jìnnà sí wa níbí, lẹ́wọ̀n lórí owó ìrànwọ́ ìgbà Kòrónà. Adé kò gbà á sílẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣì ń jiyàn, ẹ ní kó ṣí ìwé òfin 1999 sí abala 308, níbi tí wọ́n to orúkọ ipò tí a kò lè pè lẹ́jọ́ nígbà tí ẹni náà bá wà lórí àga. Ààrẹ, igbákejì rẹ̀, gómìnà àti igbákejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí ó bá yín wá ọba jáde nínú rẹ̀.